Bí mo ṣe gbé owó inú agolo Ìyá àgbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Agolo bísíkíìtì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá àgbà ní Òṣogbo. Owó onírin ìgbà àwọn òyìnbó ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ 64: onínì, ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Nígbà tí náírà gba ipò pọ́n-ùn ní oṣù Kìíní ọdún 1973, Ìyá àgbà ò pààrọ̀ ìwọ̀nyí. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí wọn, ni mo bá ní màá ya fọ́tò wọn sórí Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń kó fọ́tò tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àṣìṣe ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ kọ́bọ̀ kan. Ó dán lóòótọ́, àmọ́ àwọ̀ tí ọjọ́ pípẹ́ ti fún un bá omi lọ, kò sì ní padà mọ́. Ó dùn mí wọra. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ni mo fi nu ìyókù, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kọ́bọ̀ yẹn pé èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Fóònù ni mo fi yà wọ́n, lórí bébà funfun, lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tòkè wá, ojú owó á máa kọ mànà. Ìgbà tí mo jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ wá ni lẹ́tà tó ti fẹ́ parẹ́ tún yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ka orúkọ Edward Kẹjọ lára kọ́bọ̀ oníhò tí wọ́n rọ lọ́dún 1936, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò lo ọdún kan lórí oyè! Tọ́rọ́ 1959 ní igun 12, òwú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kòkó ló wà lẹ́yìn sísì.

Ọjọ́ méjì ni mo fi yà wọ́n tán. Àlàyé gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá pẹ́nì (ohun tí àwa ń pè ní kọ́bọ̀ nígbà yẹn) ni òyìnbó kọ sára èyí tó kéré jù, ṣùgbọ́n ta ló pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà? Onínì ni. Mo ń kó wọn sí Ìyá àgbà lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá àgbà, kí lẹ máa ń fi èyí rà?"

"Àkàrà ni, ọmọ mi. Ìyá mi á ki okùn bọ ihò rẹ̀, á so ó mọ́dìí ìró."

Wọ́n tún sọ fún mi pé lẹ́yìn 1973, ṣílè làwọn ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti owó tuntun, nítorí pọ́n-ùn kan, tó jẹ́ ogún ṣílè, ti di náírà méjì. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì fi Yorùbá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí n tó fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Fọ́tò 128 ló ti wà níbẹ̀ báyìí. Owó náà ti padà sínú agolo, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.