Ẹ Má Tíì Tẹ Pírójẹ́ẹ̀tì Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Lẹ́tà Balfour

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wá bá mi. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi páálí dì í, owó ti bọ́ lápò, gbólóhùn àkọ́kọ́ á wá ní: "Gẹ̀ẹ́sì ló dá Ísírẹ́lì sílẹ̀ ní 1917." Àtúntẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, owó yín ò tiẹ̀ ṣe yín láàánú ni?

1. Ẹ má fi lẹ́tà ṣe òfin. 2 oṣù Kọkànlá 1917 ni Arthur Balfour, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sí Lord Rothschild, aṣáájú àwọn Júù ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ìjọba òun fara mọ́ ilé fún àwọn Júù ní Palẹ́sítínì. Abẹ́ Ọ́tómánì ni Jerúsálẹ́mù ṣì wà lọ́jọ́ náà. Oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ ogun Allenby, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, tó gbà á. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ò tíì dìde, ẹni tó ń bọ̀ ti ń fi í tọrẹ.

2. Ẹ ka lẹ́tà náà tán. Ọ̀rọ̀ 67 péré ni lédè Gẹ̀ẹ́sì! "Ilé" ni wọ́n kọ fún àwọn Júù, wọn ò kọ "ìjọba". "Ní Palẹ́sítínì" ni wọ́n kọ, wọn ò ní Palẹ́sítínì lódindi. Wọ́n tún ní kò gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ aráàlú àti ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn àwọn tí kì í ṣe Júù níbẹ̀ lára. Ẹ̀tọ́ òṣèlú wọn ńkọ́? Wọn ò mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ló pọ̀ jù nílẹ̀ náà.

Mi ò lè bú yín jù. Nígbà tí mo wà ní ìpele kẹta, ìdajì lẹ́tà yìí ni mo dà kọ láti inú ìwé ẹlòmíì, mo dúró síbi kómà. Olùkọ́ mi ní kí n ka ìyókù fún kíláàsì. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Owó oúnjẹ ni mo fi tún ojú ewé 40 tẹ̀; gààrí tí mo mu lọ́sẹ̀ náà, ṣúgà ò sí níbẹ̀.

3. Lẹ́tà McMahon, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Íjíbítì, sí Hussein, olórí Mẹ́kà, 1915 sí 1916: ó ṣèlérí òmìnira fún àwọn Lárúbáwá, àmọ́ kò dárúkọ Palẹ́sítínì. Ohun tó fa ìjà nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù, mi ò tiẹ̀ fún un ní nọ́ńbà: ẹ máa ń fo Mandate, àṣẹ tí wọ́n fi fún Gẹ̀ẹ́sì láti máa ṣàkóso Palẹ́sítínì. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ti wọnú òfin! Àwọn tó ṣẹ́gun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní fẹnu kò ní San Remo, ní Ítálì, ní 1920, League of Nations (àjọ tó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé) fọwọ́ sí i ní 24 oṣù Keje 1922, ọ̀rọ̀ Balfour sì wà nínú ìfáárà rẹ̀. Àmọ́ Abala 22 nínú ìwé àdéhùn League yẹn kan náà ti ní àwọn kan lára àwọn tó kúrò lábẹ́ Ọ́tómánì tó ẹni tí a lè kà sí olómìnira, kí ẹnìkan kàn máa tọ́ wọn sọ́nà ni. Àwọn Lárúbáwá ní, báwo lẹ ṣe wá fi ilé wa ṣèlérí fún ẹlòmíì? Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Síónì (àwọn Júù tó ń wá ilé náà) ní League ló láṣẹ, ó sì ti pa á. Ẹ kọ tọ̀tún tòsì. Ẹ má sì fi Tógò wé e: Mandate ni tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí B ni, wọn ò kọ irú ọ̀rọ̀ òmìnira bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìpinnu 181 ti 1947, pé kí wọ́n pín Palẹ́sítínì sí ìjọba Júù àti ìjọba Lárúbáwá, ńkọ́? Ìmọ̀ràn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi síta: 33 gbà, 13 kọ̀, 10 ta kété.

Abala 28 péré ló wà nínú Mandate. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan gbé ìwé àlàyé mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá, ó ń làágùn. Mo bi í bóyá ó ti ka Abala 2. Ó ní òun ń bọ̀ wá kà á.