Bí mo ṣe mọ ìgbà tí mílíìkì mi máa tutù tó

Yógọ́ọ̀tì ni mo ń ṣe tà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí Ojúde Ọba ń bọ̀, oníbàárà mi kan ní kí n ṣe ogójì ike sílẹ̀ fún àwọn àlejò òun. Wàá gbé mílíìkì kaná títí á fi dé 85 dígírì, wàá wá jẹ́ kó wálẹ̀ dé bíi 43 kó o tó da yógọ́ọ̀tì díẹ̀ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí i, torí kòkòrò tín-tìn-tín tó dáa wà nínú ẹ̀ tó ń mú un dì, tó bá gbóná jù wọ́n á kú.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó ti di 74. Mo ní áà, dígírì 11 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, nǹkan bí ìṣẹ́jú 28 sí i ó ti parí nìyẹn. Mi ò tún fi tẹmómítà sí i mọ́, mo dà á. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ ṣì ń ṣàn bí omi. Ó dùn mí gan-an, owó mílíìkì kì í ṣe kékeré.

Àbúrò mi tó wà ní SS3 ló wò ó tó ní, "Àǹtí mi, ẹ ń yọ 11 kúrò, táímìsì ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe." Ó ní bí ooru ṣe ju ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ tó ló ń sá jáde tó, pé Newton ti kọ ọ́ láti 1701, exponential decay ni wọ́n ń pè é nílé ìwé wọn. Kíṣìnì wa jẹ́ 29. Yọ ọ́ nínú 85, ó ku 56. Yọ ọ́ nínú 74, ó ku 45. 45 pín sí 56, 0.8. Ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí 29 yẹn la máa fi 0.8 táímìsì (T ni bí mílíìkì ṣe gbóná tó, n ni iye ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tó ti kọjá):

T = 29 + 56 × 0.8ⁿ

Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: 56, 45, 36, 29, 23, 18, 15. Ẹ wò ó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kó 11 lọ, ìkẹfà ò kó ju bíi 4 lọ! 14 la sì ń wá, torí 43 yọ 29 ni. 14 pín sí 56 jẹ́ 0.25, àbúrò mi wá lo log láti fi wá n: log 0.25 pín sí log 0.8, ó já sí 6.2, ìyẹn ìṣẹ́jú 62. Ìgbà tí mo wá ṣírò tèmi tó bàjẹ́, 53 ló ṣì wà nígbà tí mo da nǹkan sí i.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà mo ra mílíìkì míì, ìkòkò kan náà, mi ò dé e, mi ò tan fáànù. Wákàtí kan pé, tẹmómítà sọ 44. Mo dúró ìṣẹ́jú méjì kí n tó dà á, mo gbé e sínú kúlà. Láàárọ̀ mo fi ṣíbí gún un, ojú ihò yẹn ò padé.

Tó bá jẹ́ pé fáànù wà lórí, tàbí ọyẹ́ ti mú, 0.8 yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ o, ẹ máa tún ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ wọ̀n, kẹ́ ẹ sì wọn afẹ́fẹ́ kíṣìnì yín náà.