Ọjọ́ Tí Ìjàpá Bàbá Mi Jí

Ọdún mẹ́fà ni Ìjàpá bàbá mi fi dúró lábẹ́ igi máńgòrò ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, tí adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Volkswagen 1300 ni, lára àwọn tí wọ́n tò ní Òjó l'Ékòó, níbi tí ilé iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ní Sátidé tó kọjá, mo ní dandan ni kó jí. Mo pe ẹ̀gbọ́n méjì tí a jọ máa ń kó Ìjàpá wa jọ sí Ọláìyá nígbà kan. Mo rò pé wọ́n wá ràn mí lọ́wọ́ ni. Àga ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Orí epo ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà ní táǹkì ti ń rùn bí ọ̀dà tó bàjẹ́. Mo fà á dànù, mo fọ táǹkì. Bí mo ṣe tẹ rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kábúrétọ̀ báyìí, ó sán bí igi gbígbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Ìjàpá, ẹ má fi rọ́bà yìí ṣeré o. Bí epo bá ń kán sórí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, iná ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo da ọ́ìlì lítà méjì àbọ̀ sí i, mo so bátìrì tuntun.

Ibi kọ́ńtáàtì, irin kéékèèké méjì tó ń ṣí tó ń pa dé kí púlọ́ọ̀gì lè tan iná, ni ẹ̀gbọ́n àgbà ti dìde. Èmi ń wá irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo rẹ̀ kiri. Ó gba páálí ìṣáná lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó ya etí rẹ̀ kan, ó tì í bọ ẹnu kọ́ńtáàtì, ó ń fà á jẹ́jẹ́ bí ẹni fa òwú lára aṣọ, ó wá de síkúrù. Nígbà tí mo rí irin mi, mo wọ̀n ọ́n wò: mìlímítà 0.4 géérégé.

"Páálí sìgá ni mò ń lò nígbà yẹn," ó ní. "Mo ti jáwọ́ nínú sìgá."

Mo wá sítáàtì rẹ̀. Ó wúkọ́, gbàù! Adìẹ tú ká. Mo tún un ṣe, gbàù! Ọmọ mi yọjú, ó ní ṣé kì í ṣe omi rédíétọ̀ ló gbẹ, níbo tiẹ̀ ni rédíétọ̀ wà. Ẹ̀rín pa àwọn àgbà. Afẹ́fẹ́ ló ń tu Ìjàpá lára, kì í mu omi! Ibi ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀gbọ́n kejì ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Ìjàpá tiẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó fi gbé ìyàwó wálé, tó sì tà nítorí owó iléèwé ọmọ. Ó ní bí irú rẹ̀ bá ń kọjá, òun kì í wo ojú ẹni tó ń wà á, nọ́ḿbà ni òun máa ń wò.

Èmi ni mo ṣì í. Mo ti fi wáyà púlọ́ọ̀gì méjì gba ipò ara wọn. Ẹ̀gbọ́n àgbà ń ka bí àwọn púlọ́ọ̀gì ṣe ń tẹ̀ léra tan iná, bí orin ọmọdé: "Ọ̀kan, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì!" Mo tò wọ́n bẹ́ẹ̀, mo tún sítáàtì. Ó dáhùn.

A wà á dé Ọláìyá. Eruku bo gíláàsì, mo tẹ omi, kò tu. "Fẹ́ sípíà táyà," ẹ̀gbọ́n kejì pariwo láti ẹ̀yìn, "atẹ́gùn ibẹ̀ ló ń ti omi jáde!" Mo ti gbàgbé pátápátá. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Má tíì pa á, àbúrò."