Ibi tẹ́ ẹ máa sùn létí òkun
Ẹ̀yin èèyàn mi n'Íjẹ̀bú tẹ́ ẹ fẹ́ wa kayak, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, lọ sápá Òde-Omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn rí iyanrìn tó tẹ́jú kẹ́ ẹ ta tẹ́ǹtì síbẹ̀. Ẹ wá ìlà pàǹtí àti koríko gbígbẹ tí òkun gbé sókè, ibẹ̀ lomi dé kẹ́yìn, ẹ gòkè kọjá ẹ̀ dáadáa torí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lomi ń kún, tó bá wá jẹ́ òṣùpá tuntun tàbí àrànmọ́jú ó tún máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ti bá mi lórí oorun rí, ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Ẹ gúnlẹ̀ kí aago 4 tó lù, kẹ́ ẹ kí baálẹ̀, kẹ́ ẹ bi àwọn apẹja léèrè ibi tí ìgbì ò ti le.