Igi iwájú ìbọn tó ń gbóná: àwọn àṣìṣe tí mo ń rí ní pápá ìyìnbọn

Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi, ẹ ó rí àpá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà. Irin tó so igi iwájú ìbọn AK, igi tí ọwọ́ òsì máa ń dì mú, mọ́ ọ̀pá ìbọn ló fi síbẹ̀, ní ọdún kẹta tí mo wọ iṣẹ́ ológun, ní pápá ìyìnbọn kan lókè Ọya. Oòrùn oṣù kẹta ni. A ti yin mágásìn (àpótí ọta) mẹ́rin láìsinmi, a dáwọ́ dúró, mo mu omi, mo bá ẹnìkejì mi ṣàwàdà. Ìgbà tí mo padà gbé ìbọn ni ọwọ́ mi yọ̀ síwájú díẹ̀. Igbe tí mo ké kọjá kékeré. Sájẹ́ǹtì wa, ọmọ Hausa kan, kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ. “Zafi,” ló wí, ìyẹn ni pé ó gbóná, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Kubwa ni mo fi ṣe ibùgbé, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá dúró ti àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ ìyìnbọn. Kí n yáa tètè sọ ọ́: àwọn tí òfin fún láyè ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ológun tí ìbú ọta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7.62 mọ́ èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní, bẹ́ẹ̀ AK, bẹ́ẹ̀ FN, 7.62 ni wọ́n. Ẹni tó bá ní ọ̀kan lábẹ́ ibùsùn, ooru kọ́ ni ìṣòro tirẹ̀.

Ẹ má fi igi mọ bí inú ṣe gbóná tó

Ibí ni gbogbo àṣìṣe yòókù ti ń wá. Ẹ rántí áyọ́ọ̀nù eléèédú tí àwọn télọ̀ ń lò. Igi ọwọ́ rẹ̀ lè tutù pẹ̀sẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́ jó aṣọ aláṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọn rí. Iná tó ń jó nínú ọ̀pá nígbà tí ọta bá dún ju 2,000°C lọ. Ọta fúnra rẹ̀ kì í lò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ooru kì í bá a jáde tán. Ọ̀pá ìbọn ló kọ́kọ́ ń gbà á, lẹ́yìn rẹ̀ páìpù gáàsì tó wà lókè, lẹ́yìn ìyẹn afẹ́fẹ́ àárín wọn. Igi ló ń gbọ́ gbẹ̀yìn.

Nígbà tí igi bá wá ń ta yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nínú irin. Èyí tó burú jù ni pé igi ṣì máa ń gbóná sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáwọ́ dúró, nítorí ooru inú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn jáde bọ̀ ni. Ohun tó jó mi nìyẹn. Mo rò pé ìsinmi ti tu ìbọn lára, àṣé àkókò tí mò ń ṣàwàdà gan-an ni ooru ń dé òde. Ojú kò sì lè ranni lọ́wọ́. Irin kì í pọ́n títí á fi tó nǹkan bí 500°C, kó sì tó dé ibẹ̀, á ti bó awọ ọwọ́ èèyàn.

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, bí ìyá alákàrà ṣe ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ agbada. Ẹ kọ́kọ́ yọ mágásìn, ẹ rí i dájú pé inú ìbọn ṣófo, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó ń gba ọta. Ẹ wá mú ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọ̀pá láti ẹ̀gbẹ́, kó ku bí ìbú ìka méjì. Bí kò bá lè dúró níbẹ̀, ẹ fi ìbọn sílẹ̀.

Ti M16, ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, yàtọ̀ díẹ̀. Ike ni ìdìmú iwájú rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ sínú rẹ̀ kó lè dá ooru padà, pẹ̀lú ihò lókè àti nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rìn. Mo ti rí ẹni tó yọ páànù inú yẹn dànù kí ìbọn lè fúyẹ́. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Àwọn ìdìmú tuntun tó jẹ́ alumíníọ̀mù látòkè délẹ̀ ńkọ́? Olófòófó ni wọ́n. Bí inú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná báyìí, wọ́n ti ń ròyìn. Èmi fẹ́ràn olófòófó yẹn ju igi tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń yára jó èèyàn.

Ẹ má da omi sí i

Ọmọkùnrin kan wà tó já píọ̀ wọ́tà, tó tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀pá ìbọn rẹ̀ nígbà tí mo yíjú. Ó dún “ṣàà” bí ìgbà tí omi bọ́ sínú epo gbígbóná. Oru tó sọ sókè wọ abẹ́ apá aṣọ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì léròrò kí a tó parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìbọn kò jó o o, omi tó fẹ́ fi tu ìbọn lára ló bó o.

Ẹ jẹ́ ká fi oru sílẹ̀. Omi máa ń mú ẹ̀yìn irin tutù lójijì nígbà tí inú ṣì gbóná, irin á sì máa sún kì ní ibì kan ju ibòmíràn lọ. Omi tó bá ṣàn wọnú ọ̀pá tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ọta tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá ohun ìdènà lọ́nà. Ìpata á tẹ̀lé e. Àkísà tútù náà kò sàn jù.

Ọmọ náà kò gbà bọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta ayé àtijọ́, ń lo omi?” Òótọ́ ni. Maxim tí àwọn òyìnbó gbé bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, tí wọ́n tún gbé lọ sí Kánò àti Sókótó ní 1903, omi ló ń tù ú lára. Ṣùgbọ́n wọ́n rọ agolo ńlá yí ọ̀pá rẹ̀ ká, omi sì ti wà níbẹ̀ kí ọta àkọ́kọ́ tó dún. Vickers tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ń gba nǹkan bí lítà mẹ́rin. Ìyẹn kì í ṣe píọ̀ wọ́tà ẹyọ kan tí èèyàn fi eyín já.

Ẹ má rò pé ìbọ̀wọ́ ti parí ọ̀rọ̀

Ìbọ̀wọ́ nílọ́ọ̀nù máa ń yọ́ mọ́ awọ ara. Awọ ẹran ló dára, kó sì gbẹ, nítorí èyí tí òógùn ti rin kì í pẹ́ gba ooru wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tó wù kí ẹ wọ̀, nítorí àṣìgbá ló ṣe wà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kó lè máa yìnbọn lọ ti di etí ara rẹ̀. Ní ti àwọn tó ń fi téèpù dúdú wé igi, ẹ lọ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn mágásìn kẹta.

Ẹ má fi ọta sílẹ̀ nínú ìbọn gbígbóná

N kò ní ṣàwàdà níbí. AK, FN àti M16 máa ń ti ọta mọ́nú ọ̀pá kí wọ́n tó dún. Bí ibẹ̀ bá ti gbóná kọjá ààlà, ooru nìkan tó láti tanná ran ọta. Kò sí ìka lórí tíríga, ìbọn á dún. Ìwé ìlànà ọmọ ogun Amẹ́ríkà lórí M16 àti àbúrò rẹ̀, M4, sọ pé bí ẹ bá ti yin 140 ọta láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ ka ìbọn náà sí gbígbóná. Bí ọta bá kọ̀ tí kò dún, ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti yọ ọ́. Bí kò bá jáde, kí ẹnu ìbọn má kúrò lọ́ọ̀ọ́kán òkìtì, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ sinmi, ẹ yọ mágásìn, ẹ tú ọta inú sílẹ̀, bí ìbọn yín bá sì ní ohun tó ń dá bọ́ọ̀tì (irin tó ń ti ọta wọnú ọ̀pá) dúró, ẹ fà á sẹ́yìn kó dúró síbẹ̀. Ìbọn tó lanu ń mí lápá méjèèjì, ó sì ń yára tutù ju èyí tó panu dé lọ.

Ẹ má tún ojú ìbọn ṣe nígbà tó bá gbóná

Ọ̀pá tó gbóná kì í sọ ọta síbi tí ọ̀pá tútù ń sọ ọ́ sí. Ooru tó ń gbọ̀n lójú ìbọn á tún máa mú kí àmì jó lójú yín. Ẹni tó bá yí sáìtì rẹ̀ ní àkókò yìí ti tún un ṣe fún ìbọn tí kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ohun tí mo ń ṣe kò le. Ọta mẹ́wàá, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ká sinmi. Bí ìbọn bá jẹ́ méjì, ọ̀kan á máa dún, èkejì á wà lábẹ́ ibòji pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ lílà. Ibòji ṣe pàtàkì l'Ábújá láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, nítorí irin dúdú tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì nínú oòrùn ti gbóná kí ẹ tó yin ẹyọ kan. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ẹlẹ́tàn ni. Láàárọ̀ Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, ọwọ́ máa ń kú tìpẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ó ń jó yín títí ara á fi yá.

Bí ó bá jó yín, ẹ tètè bọ́ òrùka kí ìka tó wú, kí ẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ omi tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Epo pupa kọ́, ọṣẹ ìfọyín kọ́, yìnyín náà kọ́. Ẹ má bẹ́ ìléròrò. Bí ojú egbò bá funfun, tàbí tí kò dun yín rárá, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ó ku bí a ṣe ń di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó jẹ́ pé bí ọta ìkẹyìn bá ti dún ló ń kó ìbọn sínú àpò, kó lè ṣáájú wa dé ibi tí wọ́n ti ń ta súyà. Lọ́jọ́ kan, a kò tíì jáde ní géètì tí nǹkan fi ń rùn. Aṣọ inú àpò ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ìbọn pátápátá. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń ha á, òórùn yẹn kò sì kúrò nínú búùtù títí ó fi ta ọkọ̀ náà.