Páàsì Yàrá Ooru: Wákàtí Ni Mo Kà Kí N Tó Sanwó

A kò tíì dé yàrá wa nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ rárá tí ìpolówó spa, ibi ìtọ́jú ara, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrù wa ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa gbé e, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ti na ìwé pélébé kan sí mi: "Ẹ wá wo spa wa lọ́fẹ̀ẹ́, mà. Aago mẹ́rin la máa fa orúkọ ẹni tó máa gba ẹ̀bùn." Bàbá Ìbejì kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń jẹun ló ń wá. Èmi ní tèmi, ohun tí wọ́n bá ti ní ọ̀fẹ́ ni, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Mo bá tẹ̀lé e.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú ẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ńlá, apá kan wà nínú spa tí kì í ṣe gbogbo èrò ọkọ̀ ló lè débẹ̀. Ẹ máa rí sauna níbẹ̀ (yàrá tí ooru inú ẹ̀ gbẹ), yàrá mìíràn tó kún fún èéfín omi gbígbóná, omi ìwẹ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí afẹ́fẹ́ ń tú jáde nínú ẹ̀, àti àga ìrọ̀gbọ̀kú tí wọ́n fi táìlì mọ, tí iná ń yá a lábẹ́nú. Àwọn ọkọ̀ mìíràn fi yàrá iyọ̀ tàbí yàrá yìnyín kún un. Ẹ lè san owó ọjọ́ kan, ẹ sì lè san ti gbogbo ìrìn àjò. Páàsì yẹn ni wọ́n ń tà fún mi.

Alẹ́ méje ni ìrìn àjò tiwa. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ máa wà lójú òkun láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ló máa dúró ní èbúté. Mo mọ èyí sórí kí n tó gòkè, òun ló sì gbà mí nígbà tí ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde lẹ́nu ọmọbìnrin yẹn.

Iwájú ọkọ̀ ni spa náà wà, lókè pátápátá. Bí ilẹ̀kùn dígí ṣe ṣí ni ooru fẹ́ lù mí lójú, òórùn ewé kan tó ń ta sánsán nímú tẹ̀lé e. Àga táìlì 12 ló tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn kọjú sí fèrèsé ńlá kan tó fi òkun hàn. Ó dáa lójú, mi ò ní purọ́. Ọmọbìnrin náà ní, "A kì í ta á fún gbogbo ayé, mà. Iye kan la máa ń tà, kí èrò má bàa pọ̀."

Mo ní, "Mélòó ni iye yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ka sí òkun. Mo tún bi í. Ọkùnrin kan tó ń ká táwẹ́lì nítòsí ló dáhùn, bóyá kò mọ̀ pé kò yẹ kí ó sọ: ó ní 60 ni. Mo ka àga lẹ́ẹ̀kan sí i. Àga 12, èèyàn 60. Mo fi ìyẹn sápò.

Mo bẹ̀ wọ́n kí n dùbúlẹ̀ díẹ̀ lórí àga kan. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ooru àga náà kò jó ni. Ó dà bí ìgbà tí ara bá fi ara ti ògiri tí oòrùn ti yá láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n táìlì ni táìlì ń jẹ́. Ó le. Ibi tí ọrùn máa ń wà ṣófo, egungun èjìká mi sì ń kan òkúta. Ìgbà tí ọkùnrin onítáwẹ́lì yẹn ká ọ̀kan róbótó sábẹ́ ọrùn mi ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.

Wọ́n kó ìwé owó wá. Owó ọ̀sẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ owó ọjọ́ kan. Ti tọkọtaya dín díẹ̀ sí ìlọ́po méjì. Ọmọbìnrin náà ti mú bírò lọ́wọ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n padà wá. Ó ní ó ṣeé ṣe kó tán. Mo ní bó bá tán, a jẹ́ pé kì í ṣe tèmi.

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo yí ìwé pélébé ìfa-orúkọ yẹn padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wákàtí sẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe iye yàrá tó wà níbẹ̀ ni mo kọ. Ìyẹn ni wọ́n máa ń kà fún èèyàn: sauna, èéfín, iyọ̀, yìnyín, títí ojú á fi ṣú. Wákàtí mélòó ni èmi gan-an máa lò nínú ẹ̀? Ọjọ́ ojú òkun, wákàtí méjì méjì. Ọjọ́ èbúté, bí mo bá tètè wọ ọkọ̀ padà, wákàtí kan. Ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Mo wo iye tí wọ́n ń gbà láti fọwọ́ ra èèyàn lára fún ìṣẹ́jú 50: ẹ̀ẹ̀kan péré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó páàsì ọ̀sẹ̀ kan. Ojú mi là díẹ̀.

Àmọ́ bí mo bá fẹ́ lọ ní ọjọ́ ojú òkun mẹ́ta nìkan, ṣé owó ọjọ́ mẹ́ta kò dín sí ti ọ̀sẹ̀ ni? Ó dín. Mo ti ń yọ̀ pé mo gbọ́n ju ọkọ̀ lọ. Mo padà lọ bi wọ́n. Wọ́n ní bí àyè bá ṣẹ́kù nìkan ni àwọn máa ń ta ti ọjọ́ kan, àyè kì í sì í sábà ṣẹ́kù ní ọjọ́ ojú òkun, torí kò síbi tí èèyàn máa lọ. Ọjọ́ èbúté, tí gbogbo èèyàn ti bọ́ sílẹ̀, ni ti ọjọ́ kan máa ń pọ̀. Ẹ ò rí i pé ìṣirò tèmi ti já.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti Bàbá Ìbejì. Fọ́ọ̀mù kan wà tí èèyàn máa buwọ́ lù, tó ń béèrè nípa oyún, àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọkọ mi ń lò láràárọ̀. Ooru máa ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ìfúnpá á lọ sílẹ̀. Ẹni tí oògùn ti ń bá fà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè dìde kí òòyì gbé e ṣubú. Mo pè é, mo ka fọ́ọ̀mù fún un.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, kí n sanwó kí wọ́n máa sè mí? Ẹ máa lọ o."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dínwó tọkọtaya ṣe kúrò lórí tábìlì. Páàsì ẹyọ kan, tèmi. Mo sanwó ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀. (Ẹ̀bùn yẹn, orúkọ mi kò jáde. Ẹni tó jáde gba ẹ̀dínwó lórí ohun mìíràn tó tún máa rà.)

Ọjọ́ ojú òkun àkọ́kọ́, mo lọ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni ọ̀rọ̀ "kí èrò má bàa pọ̀" yẹn. Táwẹ́lì wà lórí gbogbo àga, ìwé wà lórí mẹ́fà, èèyàn márùn-ún péré ló wà lórí wọn. Àwọn yòókù wà nínú omi, wọ́n ń wo àga wọn láti ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń ṣọ́ adìyẹ. Mo dúró fún ìṣẹ́jú 20. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó dá sí i. Inú bí mi débi pé mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi: "ìṣẹ́jú 20, kò sí àga."

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti yí ọgbọ́n padà. Ní èbúté, mo bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo padà ní nǹkan bíi aago mọ́kànlá nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ṣì ń rìn kiri ìgboro. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀, ó ti sùn. Ibẹ̀ ni mo ti wá fara balẹ̀ lo gbogbo ẹ̀.

Sauna ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Aago ooru tó wà lára ògiri fi ìwọ̀n 85 Celsius hàn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní òun kú, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ gbẹ, òógùn ń gbẹ bó ṣe ń jáde, gbígbẹ yẹn ló sì ń tu ara. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀ torí òkè ni ooru máa ń lọ. Ẹni tó bá lọ gun tòkè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ á ríran. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo jáde. Yàrá èéfín omi wá jẹ́ òdìkejì. Ooru ibẹ̀ kò ju bíi ìdajì ti sauna lọ, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ lé mi jáde. Omi ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kò ríbi gbẹ sí, ooru á há mọ́ èèyàn lára. Mi ò rí ọwọ́ ara mi nínú ẹ̀, mo kàn ń gbọ́ tó, tó, tó láti òkè àjà.

Lẹ́yìn èyí, omi tútù. Àwo kan wà tí yìnyín wẹ́wẹ́ ń já bọ́ sí; èèyàn á bù ú, á fi ra apá àti ẹsẹ̀. Ará Finland ni wọ́n fi sauna yìí kọ́ ayé, UNESCO sì fi àṣà náà sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ aráyé ní 2020. Àwọn ará Finland sábà máa ń ti inú ooru bọ́ sínú adágún tútù tàbí yìnyín. Èmi bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fi kan ọrùn, mo ké. Ìyá àgbàlagbà yẹn jí.

Ọjọ́ ojú òkun kejì, òkun ru. Ẹ rántí pé iwájú lókè pátápátá ni spa wà. Ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti máa ń mi jù. Omi inú odò ìwẹ̀ ń dà sí ọ̀tún, ó ń dà sí òsì, ó ń gbá ẹsẹ̀ ògiri. Wọ́n ta àwọ̀n bò ó, wọ́n tì í. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ṣí i. Mo béèrè bóyá wọ́n máa dá owó díẹ̀ padà. Rárá o. Ó wà nínú ìwé tí mo buwọ́ lù, ní ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà kóńkóló.

Ohun tó dùn mí jù kò tíì dé. Ọjọ́ kẹfà, mo ṣìnà nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ àwọn obìnrin, mo sì ṣí ilẹ̀kùn pákó kan. Sauna ni! Ó kéré, bẹ́ǹṣì méjì péré, ṣùgbọ́n sauna ni, gbogbo èrò ọkọ̀ ló sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó mú mi débẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú mi kiri. Ẹ bá mi ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí ẹ tó mú owó jáde. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí irú èyí wà nínú wọn, àwọn mìíràn kò ní in. Ẹ tún wo irú ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀: nínú àwọn ọkọ̀ òkun ilé iṣẹ́ Viking, gbogbo èrò ló ń lo spa lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti yàrá yìnyín. Lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Celebrity, ẹni tó bá gba yàrá AquaClass ti ní in nínú owó yàrá, bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá Cloud 9 lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Carnival. Ẹni tó ti ní irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi páàsì ṣe?

Mo ń kọ wákàtí mi lójoojúmọ́. Lápapọ̀, 13 àti ogún ìṣẹ́jú, ó ju mẹ́sàn-án tí mo fọkàn sí lọ. Àga táìlì gba ohun tó ju méje lọ nínú ẹ̀. Omi ìwẹ̀ gba mẹ́ta. Sauna, tí mo rò pé torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sanwó, kò tó méjì. Àga lílọ́wọ́ọ́wọ́, fèrèsé, àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo ni mo rà, owó yẹn kò sì dùn mí. Bí ìrìn àjò bá tún ní ọjọ́ ojú òkun mẹ́ta, tí ojú ọjọ́ sì tutù, màá rà á, ẹyọ kan ṣoṣo. Bí èbúté bá wà lójoojúmọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò ní sún mọ́ ọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà yẹn, wọ́n kéde pé páàsì ọjọ́ kan ti wà fún ọ̀la, ìdajì owó. Àwọn èèyàn ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, àyè wá pọ̀. Mo ra ọ̀kan fún Bàbá Ìbejì, a sì jọ pinnu pé kò ní wọ sauna, kò ní wọ yàrá èéfín. Ó kàn máa dùbúlẹ̀ ni. Ó dùbúlẹ̀. Mo ká táwẹ́lì sábẹ́ ọrùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo lọ sínú omi. Kò pẹ́ tí ọkùnrin onítáwẹ́lì ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn fi wá dúró létí omi, ó tẹ̀ ba, ó rọra sọ fún mi pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ lè bá wa jí bàbá? Àwọn yòókù ní ìhanrun wọn ti pọ̀ jù."