Asunwọn: Ìpara Làpálàpá Láti Etí Oko Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ agbègbè Àkúrẹ́, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ wo etí oko kòkó yín dáadáa. Igi kúkurú tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tó nàró ṣánṣán bí àbẹ́là, asunwọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣán an dànù mọ́ koríko.

Òdòdó la fi ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ewé ni oògùn wà. Èròjà kan tó ń jẹ́ chrysophanol tó wà nínú ewé náà ló ń bá ohun tó ń fa làpálàpá jà. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, ewé yìí wà lára egbòogi mẹ́wàá tí ìjọba fọwọ́ sí fún ìtọ́jú, wọ́n sì ń fi ṣe ọṣẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní tútù, kó fọ ewé, kó gún un, kó fi oje rẹ̀ pa ojú làpálàpá láàárọ̀ àti lálẹ́. Kó má fi pamọ́ di ọ̀la, torí oje ewé kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ìpara ló ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹ sá ewé sábẹ́ ibòji. Kí ẹ tó kó o, ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ fọwọ́ rún un. Bó bá rún wómúwómú, ó ti gbẹ. Bó bá ṣì ń ká bí awọ, ẹ dá a padà. Mo ti fi ewé tí kò gbẹ tán ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣí ìgò lọ́sẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ ti bu, ó funfun bí òwú, gbogbo òróró náà sì ṣòfò.

Ife ewé kan sí ife òróró àgbọn méjì, nínú ìgò tó gbẹ táútáú. Ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ ìkòkò kí ìgò má baà sán, ẹ bu omi tútù sí i, ẹ gbé ìgò lé e, kí ẹ wá dáná díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì. Kí omi má hó o. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ yọ́ òrí ife kan mọ́ ọn, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi dì.

Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá ta yín tàbí tó wú, ẹ má lò ó. Kò gbọdọ̀ kan ojú tàbí egbò. Ẹ má mu ún, pàápàá aláboyún, torí ó ń múni yàgbẹ́ gan-an. Ẹ má sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: bí oòrùn bá pa ara tí omi ọsàn wà, ara á bó.

Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó gba nọ́ńbà NAFDAC kó tó gbé e lọ sọ́jà.

Làpálàpá orí ọmọdé kì í gbọ́ ìpara nìkan, oògùn mímu ló ń fẹ́. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn.